Alẹ́ ni Kí Ẹ Rà: Ìmúra Ìrìn Àjò láti Douala sí Ilẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ Àríwá

 

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Douala rán mi ṣe kedere. Ẹ ní kí n wá bá àwọn ìdílé tó fẹ́ lọ wo ìmọ́lẹ̀ àríwá nígbà òtútù sọ̀rọ̀, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn yòò ní àwọ̀ ewé lójú sánmà òru ní Nọ́wè, Swídìn, Fínlándì, Iceland àti Greenland. Ẹ ò bi mí bóyá irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bójú mu, èmi náà ò sì ní bi yín. Àwọn àgbà ti dáhùn ìyẹn tipẹ́: àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó bá rìn jìnnà á rí abuké erin.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ẹni tó ń ta ìmọ́lẹ̀ àríwá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ń tà á, tó ní dandan ni kẹ́ ẹ rí i lọ́jọ́ Tuesday, ẹ sá fún un. Alẹ́ ló wà lọ́jà: alẹ́ mélòó ni owó yín àti àyè iṣẹ́ yín lè fún yín, níbi tó yẹ, lásìkò tó yẹ? Ìwé o, owó o, aṣọ o, iye alẹ́ yẹn ni gbogbo wọn ń sìn.

Ọmọ Tógò tó ti ṣáájú wa

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òyìnbó nìkan ni irú ìrìn yìí wà fún, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò wa. Tété-Michel Kpomassie ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Tógò tí wọ́n bí ní 1941. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ejò kan dẹ́rù bà á lórí igi àgbọn tó sì já bọ́. Wọ́n gbé e wọ inú igbó lọ sọ́dọ̀ ìyálórìṣà àwọn tó ń bọ òjòlá. Ara rẹ̀ yá, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ fi ọmọ náà fún òrìṣà yẹn láti dúpẹ́. Ejò tó lé e kúrò lórí igi ni wọ́n wá ní kó lọ máa sìn. Kí ọjọ́ yẹn tó kò, ó wọ ilé ìtàwé kan ní Lomé, ó ra ìwé tí Robert Gessain, ọmọ Faransé, kọ nípa àwọn Inuit láti Greenland títí dé Alaska. Ó kà á, ó rí i pé ilẹ̀ kan wà láyé tí kò sí igi tí ejò lè gùn, tí kò tilẹ̀ sí ejò rárá. Ó sá kúrò nílé.

Kò lówó ọkọ̀ òfurufú. Ó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, Accra, Abidjan, Dakar. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè. Ó kọjá sí Marseille, ó dé Paris, ó gba Jámánì, ó dé Copenhagen, nítorí Dẹ́ńmáàkì ló láṣẹ lórí Greenland. Ní 1965 ló gúnlẹ̀ sí Julianehåb, ìlú tí wọ́n ń pè ní Qaqortoq lónìí. Ìrìn náà gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ó bá àwọn ìdílé gbé, ó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, ó fi ọkọ̀ tí ajá ń fà rìn lórí yìnyín, ó sì gòkè títí dé agbègbè Upernavik níbi tí oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù. Ó lé ní ọdún kan tó lò níbẹ̀. Ní 1981 ló tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Faransé, *L'Africain du Groenland*, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn lọ́dún yẹn kan náà.

Kpomassie kò lọ nítorí ìmọ́lẹ̀, ó lọ láti bá ènìyàn gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi ṣe owó: àkókò ni. Ibi tí owó rẹ̀ bá tó dé, ibẹ̀ ló ń dúró sí títí yóò fi tó dé ibi tó kàn. Àwa kò ní ọdún mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ wa kò tilẹ̀ lè kúrò nídìí ọjà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ìyẹn gan-an ló mú kó di dandan fún wa láti mọ ibi tí ọjọ́ mẹ́wàá náà yóò bá lọ.

Ìdí tí kò fi sí lókè Douala

Oòrùn ń rán ju ìmọ́lẹ̀ àti ooru lọ. Ní gbogbo ìgbà ló ń tú ègé tíntìntín tó gbé iná mànàmáná sára sínú òfurufú, wọ́n sì máa ń rìn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ ayé ní òòfà tirẹ̀ tó ń yí wọn kúrò lọ́nà, tó sì ń darí díẹ̀ nínú agbára wọn lọ sí ìhà ṣóńṣó ayé méjèèjì. Níbẹ̀ ni àwọn ègé náà ti ń já wọ inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń kọlu ọ́síjìn àti náítírójìn. Ọ́síjìn tó wà ní nǹkan bí 100 sí 150 kìlómítà lókè ló ń tan àwọ̀ ewé. Èyí tó ga ju 200 kìlómítà lọ ló ń tan pupa. Náítírójìn ló ń fi àwọ̀ aró àti elésè àlùkò kún un. Kristian Birkeland, ọmọ Nọ́wè, ló fi bọ́ọ̀lù onírin kékeré tó ní òòfà hàn án nínú yàrá ìwádìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: ó darí iná mànàmáná sí bọ́ọ̀lù náà nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ìmọ́lẹ̀ sì yọ yí ṣóńṣó bọ́ọ̀lù náà ká. Àwọn ará ìlú rẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ sára owó 200 kroner nígbà kan rí.

Ní ìhà ṣóńṣó ayé, ipa òòfà náà dúró ṣánṣán láti òkè wálẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀nà fún àwọn ègé yẹn. Ní ìhà tiwa, ó sùn gbalaja lókè ilẹ̀. Ìlà ibi tó ti sùn pátápátá ń gba àríwá Nàìjíríà àti àríwá Kamẹrúùnù kọjá. Kò sí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìmọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òfìfo ló wà lókè orí wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn, ní nǹkan bí 100 sí 110 kìlómítà lókè, iná mànàmáná ńlá kan máa ń ṣàn lọ́sàn-án láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Gíga kan náà ni ti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, àmọ́ ojú ènìyàn kò lè rí èyí. Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé fi 1957 sí 1958 ṣe ọdún ìwádìí ilẹ̀ ayé àti òfurufú, yunifásítì Ìbàdàn ń wọn òfurufú tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn tó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ náà ni Cyril Agodi Onwumechili, ọmọ Igbo tó di olórí Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1979 sí 1982, tó sì kọ odindi ìwé lórí rẹ̀ ní 1997. Ohun tó ń tàn ní Nọ́wè àti ohun tó ń ṣàn lókè Maroua ní àríwá Kamẹrúùnù, abẹ́ oòrùn kan náà ni wọ́n wà. Bí oòrùn bá sì bínú jù, ìmọ́lẹ̀ náà a máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Ní alẹ́ 10 May 2024, àwọn ẹbí wa ní Ìlú Ọba rí i láti àgbàlá ilé wọn, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ kún fóònù wa. Ìjì tí kì í wáyé lọ́dọọdún nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i láìsí irú ìjì bẹ́ẹ̀, àfi kó lọ bá a nílé.

Ibo la ó lọ, nígbà wo?

Ilé rẹ̀ jẹ́ òrùka kan tó yí ṣóńṣó àríwá ká. Tromsø ní Nọ́wè, Abisko àti Kiruna ní Swídìn, àríwá Fínlándì, gbogbo Iceland, àti Fairbanks ní Alaska wà lábẹ́ òrùka náà tàbí létí rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì nítorí àwọn tó ń tọ́jú ìròyìn ìjì oòrùn, pàápàá iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Boulder, máa ń fi nọ́ńbà 0 sí 9 díwọ̀n agbára rẹ̀, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò sì máa ń dúró de 5 tàbí 6. Lábẹ́ òrùka, 1 tàbí 2 ti tó. Ọ̀tá yín níbẹ̀ ni ìkúukùu.

Nítorí náà, ẹ fi ìkúukùu yan ìlú. Tromsø wà létí òkun, ó rọrùn láti dé, òtútù rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bí ènìyàn ṣe lè rò, nítorí omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń gba ibẹ̀. Àmọ́ omi òkun yẹn náà ló ń kó ìkúukùu wá. Àwọn afinimọ̀nà tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń wa ọkọ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, nígbà mìíràn títí kọjá ààlà Fínlándì, láti wá ibi tí sánmà ti là. Òkè ló dáàbò bo Abisko lọ́wọ́ ìkúukùu etí òkun. Nǹkan bí 300 mílímítà ni òjò àti yìnyín rẹ̀ lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òjò July àti August ní Bonabéri, ẹ fi wé ti Douala tó ń sún mọ́ 4,000. Ọkọ̀ ojú irin láti Kiruna lọ sí Narvik ń dúró ní Abisko. Bí mo bá ní alẹ́ márùn-ún, èmi á pín wọn sí ìlú méjì, ọ̀kan létí òkun, ọ̀kan lẹ́yìn òkè, kí ìkúukùu kan ṣoṣo má baà gbé gbogbo wọn lọ.

Ní ti ìgbà, láti September títí dé ìparí March ni òru ibẹ̀ máa ń ṣókùnkùn tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ ní December nítorí pé òru gùn. Ní Tromsø, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí November títí di àárín January. Mo gbà yín níyànjú láti lọ láàrin ìparí February àti ìparí March. Òru ṣì gùn, yìnyín ti pọ̀ nílẹ̀, òtútù ti ń dẹ̀, ọ̀sán sì wà tí ọmọdé lè fi ṣeré. Àwọn onímọ̀ tún ti kíyè sí i pé ìjì òòfà máa ń pọ̀ sí i ní agbègbè oṣù March àti September. Yàtọ̀ sí èyí, December ni ọjà ń tà ní ọjà Mboppi àti ní ọjà Sandaga níbí. Oníṣòwò wo ló máa ti ṣọ́ọ̀bù ní December lọ wo sánmà?

Ẹ̀yin ará wa mùsùlùmí, ààwẹ̀ Ramadan ń bọ́ sí February àti March ní àwọn ọdún tí a wà yìí. Ní nǹkan bí 20 March, ọ̀sán ní Tromsø kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ti Douala lọ, nítorí náà ààwẹ̀ kò ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ nígbà tí oòrùn kì í yọ, kó bi àlùfáà rẹ̀ nípa àkókò ìrun kó tó gbéra.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà òṣùpá. Òṣùpá tó kún máa ń bo ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára mọ́lẹ̀. Àti oòrùn fúnra rẹ̀: bí ọdún 11, bí ọdún 11 ni agbára rẹ̀ ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ní October 2024, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ó ti wọ ìgbà tó lágbára jù nínú ìyípo tó bẹ̀rẹ̀ ní December 2019. Ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ máa ń ní ìjì tirẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n kò yẹ ká máa fi dọ́la.

Ohun kan tún rọ̀ wá lọ́rùn. Douala wà ní nǹkan bí dígírì 4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Tromsø wà ní bíi 69 àti ààbọ̀. Ó lé ní 7,000 kìlómítà láàrin wọn, ṣùgbọ́n òkè tààrà ni ìrìn náà. Nígbà òtútù, aago Douala àti aago Tromsø bára mu. Oorun yín kò ní dàrú, ọjọ́ kìíní yín kò sì ní ṣòfò.

Ìwé

Fún Nọ́wè, Swídìn, Fínlándì àti Iceland, físà Schengen ni. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti sùn jù lẹ ó kọ̀wé sí. Bí bàálù yín bá gba Paris tàbí Brussels kọjá, ìyẹn kò sọ ọ́ di físà Faransé tàbí ti Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹ wádìí ní Yaoundé, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú wà, èwo nínú wọn ló ń gba ìwé fún orílẹ̀-èdè tí ẹ yàn. Greenland yàtọ̀: físà Schengen lásán kò wọ ibẹ̀, àfi bí Dẹ́ńmáàkì bá kọ orúkọ Greenland sára rẹ̀.

Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 15 láti dáhùn, ó sì lè gùn tó 45. Láti June 2024, owó físà àgbàlagbà jẹ́ 90 euro, ìyẹn bíi 59,000 FCFA. Ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san 45 euro. Èyí tó kéré sí ọdún 6 kò san nǹkan kan. Bí wọ́n bá kọ̀ yín, owó náà kò padà. Ìwé adójútòfò ìrìn àjò gbọ́dọ̀ lè gbé ìtọ́jú tó tó 30,000 euro, èyí tó ń lọ sí 20 mílíọ̀nù FCFA. Páspọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ṣì ní ó kéré tán oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó jáde níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa tí a di páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà mú. Ibi tí ènìyàn ń gbé lábẹ́ òfin ló ti ń bèèrè físà. Bí *carte de séjour* yín bá ti kú, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ronú físà rárá. Ìwé tó ti kú kò lè fi yín hàn bí olùgbé Kamẹrúùnù. Bákan náà, ẹ má san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe é dá padà kí físà tó jáde. Ẹ sì mú káàdì àjẹsára ibà apọ́njú dání, torí wọn yóò bèèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà wọlé.

Owó: àjọ ni, kì í ṣe èsúsú

Ní ìlú yìí, ohun gbogbo ni *tontine*, ìyẹn èsúsú, ń gbé, ilé o, ọjà o, ìsìnkú o. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ pé àwọn á fi èsúsú ṣe ìrìn yìí. Mo rí ìṣòro méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, èsúsú ń yí kiri. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 100,000 FCFA lóṣù, ẹnì kan á gba mílíọ̀nù kan lóṣù kìíní, ẹlòmíràn á gba tirẹ̀ lóṣù kẹwàá. Kí ti ẹni ìkẹyìn tó dé, ẹni àkọ́kọ́ ti fi tirẹ̀ ra ọjà. Ìrìn tí gbogbo yín ó jọ rìn lọ́jọ́ kan náà, àjọ ló yẹ ẹ́: kí olúkúlùkù máa kó tirẹ̀ jọ, kó má fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ á fi pé.

Ìkejì ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró nílé iṣẹ́ físà. Owó *tontine* kì í hàn nínú ìwé báǹkì. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ gbẹ fún oṣù mẹ́wàá, tí mílíọ̀nù mẹ́ta sì já wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ físà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìbéèrè sílẹ̀. Owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, lórúkọ ẹni tó ń rìn, ló ń jẹ́rìí dáadáa. Ẹ fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò yín àti ìwé owó orí tì í lẹ́yìn.

Nígbà tí owó bá ti jọ, báwo la ó ṣe ná an? Ká ní níbi tí ẹ yàn, sánmà ń là ní alẹ́ kan nínú méjì. Ẹni tó lọ fún alẹ́ kan, ìdajì ni ìrètí rẹ̀. Ẹni tó ra alẹ́ mẹ́ta, ìgbà kan nínú mẹ́jọ ni yóò pòfo. Ẹni tó ra márùn-ún, ìgbà kan nínú 32. Lóòótọ́, ìkúukùu tó bá dúró lónìí lè dúró lọ́la, nítorí náà ìṣirò yìí lawọ́ ju bí ayé ṣe rí lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ lo ìlú méjì. Ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tí owó ti ń ṣiṣẹ́. Ní Fínlándì, àwọn yàrá olówó gọbọi wà tí òrùlé wọn jẹ́ gíláàsì, kí ènìyàn lè dùbúlẹ̀ máa wo òkè. Ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ sun alẹ́ kan níbẹ̀, tí ìkúukùu sì bò ó, òrùlé ló rà. Ẹ gba ilé tó ní ibi ìdáná, kẹ́ ẹ jọ pín owó rẹ̀, kẹ́ ẹ máa se oúnjẹ yín. Gaàrí yín lè bá yín lọ. Àmọ́ ẹran àti wàrà kò gbọ́dọ̀ wọ ibodè wọn, kílíṣí náà kò sì yọ sílẹ̀, bó ti wù kó dùn tó.

Òtútù

Ó ṣọ̀wọ́n kí alẹ́ Douala lọ sísàlẹ̀ dígírì 20. Ní àríwá Fínlándì, 20 lè jẹ́ ní ìsàlẹ̀ òdo. Àwọn ìyálọ́jà tó ń ta ẹja dídì ló lè sọ fún wa bó ṣe rí, nítorí yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ẹja náà sí, dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo ló yẹ kó wà. Ẹ ṣáà fojú inú wò ó pé ẹ dúró nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ gbójú sókè, ẹ ò rìn. Wíwo ìmọ́lẹ̀ àríwá nìyẹn.

Ìpele mẹ́ta ni aṣọ. Èyí tó fara kan awọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irun àgùntàn tàbí irú èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń wọ̀, torí pé òwú máa ń fa òógùn mu, òógùn yẹn náà ni yóò sì di òtútù. Èyí tó tẹ̀ lé e nípọn, kó lè gbá ooru mú. Tòde ni kó máa dá atẹ́gùn dúró. Bàtà gbọ́dọ̀ ní àyè fún ìbọ̀sẹ̀ méjì. Bàtà tó fún mọ́ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ọmọ ìka. Ẹ lè rí kóòtù tó nípọn gan-an nínú òkìríkà ní Mboppi, níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń bá yín dù ú. Ní Tromsø, ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà tún máa ń yá àlejò ní aṣọ òtútù. Bí ọ̀nà Buea bá dára, ẹ wọ aṣọ yín gun òkè Kamẹrúùnù tó ga ju 4,000 mítà lọ. Bí ó bá kù síbì kan, òkè yẹn á fi hàn yín.

Ọ̀rọ̀ ìlera méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Ìwádìí lára àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba fi hàn pé òtútù tètè máa ń pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwa tí a ti Áfíríkà wá lára ju ti òyìnbó lọ. Bí ọmọ ìka bá ti ń kú tipiri, ẹ wọlé, ẹ má ṣe akin. Ìkejì, òtútù wà lára ohun tó ń jí ìrora fún ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dá owó kankan sínú àjọ yìí.

Lóru ọjọ́ náà

Ẹ máa wo ìròyìn ojú ọjọ́ láti ọ̀sán. Àwọn ará Nọ́wè ní èyí tó dára tí wọ́n ń pè ní Yr, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kúrò níbi tí iná ìlú wà. Láti bí aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago kan òru ni ìrètí pọ̀ jù, nítorí náà ẹ sùn lọ́sàn-án. Fóònù a máa kú kíá nínú òtútù, ẹ fi sápò inú. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán, ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí nǹkan tí kò mì, kẹ́ ẹ sì fi í sí ìlànà òru. Kí ẹ má sì bínú bí ohun tí ojú rí kò bá pupa tàbí kó ṣe bí ewé tó ti inú fóònù: nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá pọ̀, ojú ènìyàn kì í rí àwọ̀ dáadáa, kámẹ́rà sì lè kó ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀ jọ. Ìlà funfun tó dà bí ìkúukùu tó ń rìn lè jẹ́ òun gan-an. Bó bá wá le, ojú lásán á rí i, kò sì ní nílò ẹlẹ́rìí.

Àwọn Inuit ní Greenland gbà pé ẹ̀mí àwọn òkú ló ń gbá bọ́ọ̀lù lókè ọ̀run, agbárí ẹran omi kan tó ní eyín gígùn ni wọ́n sì fi ṣe bọ́ọ̀lù. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí wọ́n má súfèé sí i. Àwa tí ìyá wa ti kìlọ̀ fún pé a kì í súfèé lóru, a ò ní ìdí láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ bọ̀wọ̀ fún onílé.

Ìkádìí

Ẹ jẹ́ kí n to gbogbo rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà fún ẹni tó fẹ́ lọ ní March. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ sí báǹkì ó kéré tán láti March ọdún tó ṣáájú. Ní July àti August, nígbà tí òjò bá há wa mọ́lé, kó tún páspọ́ọ̀tì àti *carte de séjour* ṣe, kó sì rí dókítà. Ní October, kó yan ìlú méjì àti alẹ́ márùn-ún tí òṣùpá kò kún. Ní November, kó fi ìwé físà sílẹ̀, kí ọjà December tó gba ọkàn rẹ̀. Ní January, bí físà bá ti jáde, kó san owó tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì lọ ra kóòtù.

Mo sì rọ ẹgbẹ́ yìí pé kó dá àjọ ìrìn àjò sílẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú àdéhùn méjì tí a kọ sílẹ̀: kí owó olúkúlùkù wà lórúkọ ara rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ sì fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun lo alẹ́ márùn-ún kí òun má rí nǹkan kan. Àdéhùn kejì yẹn ló ṣòro jù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí i, kó fi owó rẹ̀ kún ọjà, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, kó ra alẹ́ kan kún un.

 Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.